Orúkọ Ta Ló Wà Lára Orin Náà?

Ní ọdún 1964, Serge Gainsbourg, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Faransé, gbé àwo kan jáde tó pè ní Gainsbourg Percussions. Ìlù ló kún inú rẹ̀, àwọn obìnrin ń gbe orin, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ Drums of Passion, àwo tí Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960, kò ní pẹ́ kó tó fura. Orin tí Gainsbourg pè ní "New York U.S.A.", "Akiwowo" ni. "Joanna", "Kiyakiya" ni. "Marabout" ńkọ́? "Jin-Go-Lo-Ba" ni, ìyẹn orin tí ẹgbẹ́ Santana náà wá kọ ní 1969 tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Síbẹ̀, orúkọ Gainsbourg nìkan ni wọ́n kọ sára àwo ti Faransé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀dá gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí orúkọ Ọlátúnjí tó wọ ibẹ̀.

Owó orin kì í mọ ojú, orúkọ ló mọ̀. Bí ìwé bá sọ pé Lágbájá ló ṣe orin, Lágbájá ni wọ́n máa sanwó fún, kódà bí gbogbo àdúgbò bá mọ̀ pé Tàmẹ̀dò ló jókòó tó ronú kàn án.

Orin tó kẹ́yìn nínú Drums of Passion, Ṣàngó ló dá lé. Ọ̀rọ̀ sì dé Ọ̀yọ́ nìyẹn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Ṣàngó níbẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, UNESCO sì fi ọdún náà sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2023. Ta ló ni àwọn orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀? Gbogbo ìlú ni. Òfin Nàìjíríà mọ irú ohun ìní bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sábẹ́ ìtọ́jú àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, NCC. Ẹni tó bá wá mú orin àtijọ́, tó fi ọ̀rọ̀ tuntun àti ohùn tuntun kún un, ohun tó fi kún un nìkan ni tirẹ̀.

Ibi tí ìwà jìbìtì ti ń wọlé ni pé wọ́n a máa kọ "traditional" sára orin tí ẹni tó ṣe é ṣì wà láàyè. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Solomon Linda ti South Africa. Ó kọ "Mbube" ní 1939, ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Nígbà tí orin náà dé Amẹ́ríkà, "Paul Campbell" ni wọ́n kọ sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àdápè tí ẹgbẹ́ olórin kan ń lò fún orin tí wọ́n kà sí "traditional" ni. Linda kú ní 1962 láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Ọdún 2006 ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó rí àdéhùn gbà lórí "The Lion Sleeps Tonight", tí wọ́n fi "Mbube" ṣe.

Ó yẹ kí a la ọ̀nà owó náà yé ara wa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin ti ń ṣìnà. Ohun ìní méjì ló wà nínú orin kan ṣoṣo tó wà lórí fóònù. Ọ̀kan ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ìkejì ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ilé iṣẹ́ tó bá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé orin sórí Spotify tàbí Boomplay, owó ti àkọ́kọ́ ló ń san fún un. Ti ìkejì gba ọ̀nà mìíràn. Ní Nàìjíríà, MCSN, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, wà lára àwọn tó ń gbà á. Ní Ìlú Ọba, PRS ni. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní The MLC ló ń gba apá kan rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní 2021. Bí àjọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì kó owó tó lé ní 424 mílíọ̀nù dọ́là lé e lọ́wọ́. Owó orin tí wọ́n ti gbọ́, tí wọn kò mọ ẹni tí wọn ó san án fún ni.

Kí ló fà á tí wọn kò fi mọ̀ ọ́n? Nígbà mìíràn, àṣìṣe kékeré báyìí ni. Gbogbo ayé mọ 9ice, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ "Gongo Aso" ní 2008. Abọ́lọ́rẹ̀ Àkàndé ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Olórin tó bá ní orúkọ méjì bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan bá kọ ti orí ìtàgé síbì kan, tí ẹlòmíràn kọ ti ilé síbòmíràn, ènìyàn méjì ni kọ̀ǹpútà máa kà wọ́n sí. Àwọn àmì wa náà ń dá kún un: kọ̀ǹpútà tí kò mọ ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà lè sọ "Ọlá" di "?lá". Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin fi ń fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní IPI. Nọ́ńbà náà kì í ṣì í, bó ti wù kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Orin fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ISWC. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ISRC. Bí ẹnikẹ́ni kò bá so méjèèjì pọ̀, owó á kàn dúró sójú ọ̀nà ni.

Àwọn onílù ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù. Ní ààfin Ọ̀yọ́, dùndún ló ń kéde àlejò fún Aláàfin kí onítọ̀hún tó wọlé; ọ̀rọ̀ ni ìlù ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Àyàn bá gbé ìyáàlù rẹ̀ lọ sí sítúdíò, "percussion" ni wọn ó kọ síwájú orúkọ rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ rántí kọ orúkọ ọ̀hún. Wọ́n á fún un lówó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́, ó di gbére. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ní kó lù nìkan ló lù, kò burú. Àmọ́ bó bá fi ìlù rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ronú, tí akọrin sì ń dá a lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun náà ṣẹ̀dá orin yẹn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ ní sítúdíò kò ní àyè fún ìlù tó ń sọ̀rọ̀, àìtọ́ gbáà sì ni. Tony Allen gan-an, tó lu Afrobeat pẹ̀lú Fẹlá títí di òpin àwọn ọdún 1970, Fẹlá nìkan ni àwọn àwo náà pè ní olùṣẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ owó yìí wà lára ohun tó lé Allen lọ.

Ìjálá Ògúndáre Fóyánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gé ohùn rẹ̀ sínú bíìtì tuntun. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà, àwọn akọrin ìjọ ń kọ orin sínú ìwé pẹ̀lú àmì sol-fa. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó ní déètì àti ìfọwọ́sí, ẹ̀rí tó lágbára ni nípa ẹni tó ṣe orin.

Bí àṣìṣe bá ti wáyé, kí olórin rántí pé orúkọ tó ń hàn lórí fóònù lábẹ́ orin yàtọ̀ sí orúkọ tí owó ń tẹ̀ lé. Ti orí fóònù, ẹni tó gbé orin náà síbẹ̀ ló lè tún un ṣe. Ti owó, inú ìwé ẹgbẹ́ bíi MCSN tàbí The MLC ló wà, ibẹ̀ sì ni kí olórin kọ́kọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni lè wá orin lórí ìkànnì The MLC láìsanwó. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni ẹ̀rí: ìwé ìpín tí àwọn ará sítúdíò ń pè ní split sheet, tí orúkọ gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà lára káàdì NIN, tí ìpín wọn sì pé ọgọ́rùn-ún gééré. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe orin náà lè gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ìpín tí àwọn ènìyàn ń béèrè bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n lè dá owó náà dúró títí wọn ó fi yanjú rẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ bá sì ti pín fún ẹlòmíràn ṣòro gbà padà, nítorí náà kò yẹ kí ènìyàn fi falẹ̀.

Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023 dáàbò bo orin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín ṣe àwo ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbé àwo náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà, ẹ ka orúkọ tó wà láàárín rẹ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá òun náà ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.