Ẹ̀hun Iná tàbí Àìlera Tí A Kà Sí Iná Lọ́rùn?

Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ ní Agége, tí ó sì dá a lójú pé wáyà inú ògiri ni ó fà á, kí ni kí a pe ohun tí ń ṣe é? "Ẹ̀hun iná" ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn olùtumọ̀, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀.

Ní 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìnira àwọn aláìsàn wọ̀nyí jẹ́ òtítọ́, àmọ́ kò sí ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó so ó mọ́ iná. Nínú ìdánwò tí a kò ti jẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tí a tan ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò lè mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ "àìlera tí a kà sí iná lọ́rùn", bí ó tilẹ̀ gùn.

Kì í ṣe gbígbé tí iná ń gbé ènìyàn ni à ń wí. Ipá iná àti ti òòfà tí ó yí wáyà ká ni, tí ń lọ tí ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì ń dínkù bí a bá ti ń jìnnà sí i. "Àyíká ipá" tọ́ sí i ju "pápá" lọ. Bọ́ọ̀lù ni pápá ń mú wá sọ́kàn.

Ní Ìkẹjà àti Agége, ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré. Iná a lọ, jẹnẹrétọ̀ a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ilé. Gáàsì olóró kan, kabọn mónósáídì, wà nínú èéfín rẹ̀, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ó sì ń pani. Ẹni tí a ti kọ́ láti pe orí fífọ́ ní ẹ̀hun iná lè máa ṣọ́ ògiri, kí ó má sì gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé.