Ilé-ìwé tí wọ́n ti sin èdè

Ǹjẹ́ a lè sin èdè bí a ti ń sin òkú? Àwọn kan ti dán an wò rí. Ẹ ka ìtàn náà.

Ìlú kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Texas. Marfa ni orúkọ rẹ̀. Kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ní ọdún 1909, wọ́n kọ́ ilé-ìwé kan síbẹ̀. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀ ilé àwọn baba wa. Àwọn ọmọ tí ìdílé wọn ti Mẹ́síkò wá ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Àwọn ọmọ òyìnbó ní ilé-ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ilé-ìwé náà ní Blackwell. Orúkọ ọ̀gá tó ti darí rẹ̀ ni.

Èdè Sípáníìṣì ni àwọn ọmọ náà ń sọ nílé. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn olùkọ́ fẹ́ gbọ́. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á fi pátákó nà án. Ní ọdún 1954, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ̀wé sórí bébà pélébé-pélébé. Wọ́n ní bébà náà dúró fún èdè Sípáníìṣì. Wọ́n kó o sínú àpótí, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nídìí òpó àsíá, wọ́n sì sin ín.

Àwọn àgbà wa mọ irú ìyà yìí. Láyé ìjọba Faransé, ọmọ tó bá sọ èdè abínibí rẹ̀ nílé-ìwé, wọ́n á gbé àmì kan kọ́ ọ lọ́rùn. Sínyáàlì ni wọ́n ń pè é. Ó di ìgbà tí ọmọ mìíràn bá sọ èdè tirẹ̀ kí ó tó bọ́ lọ́rùn ẹni àkọ́kọ́.

Ní ọdún 1965, wọ́n ti ilé-ìwé Blackwell pa. Gbogbo ọmọ ìlú wá ń kàwé pọ̀. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé amọ̀ náà ṣẹ́kù. Ní ọdún 2006, àwọn tó ti kàwé níbẹ̀ rí i pé òun náà lè parẹ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti dáàbò bò ó. Wọ́n kó àwòrán àti àwọn ohun àtijọ́ síbẹ̀ kí àlejò lè wò wọ́n. Ará ìlú sì ń pàdé níbẹ̀. Ní ọdún 2007, wọ́n péjọ, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ní àwọn hú èdè wọn jáde. Ní ọdún 2022, òfin Amẹ́ríkà sọ ilé náà di ibi ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ojú wọn rí màbo nínú ilé yìí, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó wó. Ilé tó bá ti wó kì í jẹ́rìí mọ́.

Ǹjẹ́ ilé-ìwé àtijọ́ wà ní ìlú yín? Ẹ bi àwọn tó kàwé níbẹ̀ léèrè ohun tí ojú wọn rí. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa.