Oró Ìgbín Òkun Tó Di Oògùn Ìrora

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé ìgò ìyẹ̀fun wá bá wa. Ó ní ara ìgbín òkun ni wọ́n ti yọ ọ́, pé ká máa fi omi gbé e mì lálaalẹ́, ẹ̀yìn dídùn àti làkúrègbé á pòórá. Màmá kan nínú wa tí ẹ̀yìn ti ń dà láàmú fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀. A ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ká wádìí ná.

Kì í ṣe irọ́ pé oògùn wà lára ìgbín òkun. Ìgbín kan wà lọ́hùn-ún ní òkun Philippines, Conus magus ni wọ́n ń pè é. Eyín rẹ̀ dà bí ọ̀kọ̀, òun ló fi ń gún ẹja, oró rẹ̀ á sì mú ẹja náà rọ lójú ẹsẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan, Conus geographus, ti pa ènìyàn rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Baldomero Olivera, ọmọ Philippines, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ irú oró yìí wò ní nǹkan bí 1970, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. (Ìgbín kò kúkú wọ́n lọ́dọ̀ wọn.) Nígbà tó dé yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Michael McIntosh, ọ̀dọ́mọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ya èròjà kan sọ́tọ̀ nínú oró náà. Bíi purotéènì kékeré ni, ẹyọ 25 péré tí a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń dí ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ. Ní December 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, Prialt lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, kì í ṣe pé wọ́n ń pa ìgbín. Kì í sì í di bárakú bíi mọ́fíìnì.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: a kì í gbé e mì. Bí ẹ bá gbé e mì, ikùn á lọ̀ ọ́ bí ó ti ń lọ ẹran. Dókítà ló ń fi ẹ̀rọ kékeré rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Ti odindi ọjọ́ kan kò wúwo tó horo iyọ̀. Ẹni tí oògùn yòókù kò ràn ni wọ́n ń fún. Síbẹ̀síbẹ̀, òòyì lè kọ́ onítọ̀hún, ó sì lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, a bi í pé báwo ni tirẹ̀ ṣe ń kọjá ikùn? Ó ní àṣírí ni. A wá nọ́mbà NAFDAC lára ìgò títí, a ò rí i. Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí ẹ̀yáwó yẹn. Inú màmá kò dùn sí wa, a mọ̀. A ti yọ owó díẹ̀ fún wọn kí wọ́n fi lọ ya fọ́tò ẹ̀yìn ní ọsibítù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń lọ.