ORÓ TÀŃPẸ́PẸ́: ṢÉ MÁJÈLÉ NI ÀBÍ OÒGÙN?

Àgbẹ̀ tó bá ń ká kòkó lágbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe oró èèrà fún un. Ewé kan péré ló lè fọwọ́ kàn, kó tó mọ̀, ó ti ju àdá nù, ó ń jó láìsí ìlù. Àwọn kan á sáré fi epo pupa pa ojú ibẹ̀, àwọn mìíràn á da kẹrosíìnì sí i. Kí ló wà nínú oró bíńtín yìí tó fi ń mú géńdé ọkùnrin ké bí ọmọdé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ là á yé ara wa, nítorí èèrà ju èèrà lọ. Ìjàlọ kì í fi ìdí ta èèyàn, ẹnu ló fi ń gé ni jẹ. Èèrà pupa tó ń fi ewé rán ilé sórí igi, òun náà kò ní abẹ́rẹ́. Yóò gé ni jẹ, yóò sì tu omi kíkan sójú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tàńpẹ́pẹ́ àti ìkamùdù ní abẹ́rẹ́ nídìí bí oyin.

Nínú oró ọ̀pọ̀ èèrà tó ń ta, ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní peptide ló ń ṣọṣẹ́. Ẹ wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni amino acid, irú èyí tó wà nínú ẹran, ẹ̀wà àti ẹyin tí à ń jẹ. Bí okùn náà bá gùn, purotéènì ni. Bó bá kúrú, peptide ni. Èèrà kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìrora rẹ̀ lè tó wákàtí 24. Ẹyọ 25 péré ló wà lórí okùn oró rẹ̀!

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ ní àwọn ilẹ̀kùn tín-ín-tín tí èròjà iyọ̀ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ṣí, iṣan á jíṣẹ́ ìrora, wọn á sì tún padé kíá. Oró yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n padé bó ṣe yẹ. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ Fásitì Queensland ní Ọsirélíà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kéde pé irú oró bẹ́ẹ̀ wà lára Tetramorium africanum, èèrà orí igi nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Wọ́n ní ẹranko eléegun ẹ̀yìn ló ń bá jà, kì í ṣe kòkòrò. Ẹ ò rí i pé àwa tí à ń tú ilé rẹ̀ gan-an ló ń dè!

Àmọ́ bí a ti ń sunkún, ká máa ríran. Lọ́dún 2001, wọ́n kéde peptide 15 láti ara èèrà Gúúsù Amẹ́ríkà mìíràn. Apá kan rẹ̀ fẹ́ràn omi, apá kejì fẹ́ràn ọ̀rá, bí ọṣẹ. Ó ń da ara kòkòrò àrùn lu. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn mìíràn nínú wọn tún ń bẹ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì di oògùn tí a lè gbé mì.

Nítorí náà, bó bá ta yín, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ gbọn wọ́n dànù, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ fi omi tútù rẹ̀ ẹ́. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má sín gbẹ́rẹ́. Bí ètè tàbí ahọ́n bá ń wú, bí mímí bá di ogun, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ọsibítù ní wàràǹṣeṣà! Ara ẹlòmíràn kì í gba oró yìí rárá, ó sì lè pa á.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tó wà n'Ìkẹ́rẹ́ kò nílò físà kí wọ́n tó rí èèrà yẹ̀ wò. Oko kòkó bàbá wọn ló wà.