Orin I.K. Dairo Lẹ́nu Ọmọ Tí A Bí Sí Kánò

Ọ̀rọ̀ orin ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa, Sábó Gàrí níbí ni wọ́n bí i sí, òun ló máa ń kọrin fún wa níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ó ní òun fẹ́ wọ sítúdíò lọ gba orin Bàbá I.K. Dairo mélòó kan sílẹ̀ ní ohùn tòun, nítorí pé kò sí olórin tí òun fẹ́ràn tó wọn. Bó ṣe sọ ọ́ tán nípàdé ni ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní olè jíjà ni. Àwọn kan ní kí ló dé tí kò kọ tirẹ̀. Àwọn obìnrin wa ní kó máa bá iṣẹ́ lọ ní tiwọn, àwọn ló sì pọ̀ jù.

Tiwa ni pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Paul Play Dairo, ọmọ bíbí bàbá náà gan-an, tún "Mo Sorire" bàbá rẹ̀ kọ lẹ́yìn tí wọ́n kú. Ìlù R&B tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń jó ló gbé e lé, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gbọ́ jùjú rí láyé wọn sì mọ orin náà sórí. Lọ́dún 2017, Simi fi "Aimasiko" Olóyè Ebenezer Obey sínú àwo rẹ̀ tó pè ní Simisola. Àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ń kọ ọ́ kiri, àfi ìgbà tí a sọ fún wọn pé orin Obey ni kí wọ́n tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ I.K. Dairo ni ọmọ yìí yàn? Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn bàbá náà díẹ̀, torí ó kan àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Isaiah Kehinde Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n, àmọ́ Ọ̀fà ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1930, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn òbí wọn ṣí lọ. Ọmọ àtìpó ni wọ́n nígbà náà, bí àwọn ọmọ tiwa. Owó kò jẹ́ kí wọ́n ka ìwé jìnnà. Ìlù tí bàbá wọn ṣe fún wọn ní kékeré ni wọ́n gbé padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń fá orí fún àwọn ènìyàn. Ní 1948 wọ́n wà ní Ẹdẹ, wọ́n ń kiri aṣọ tà fún ọ̀gá kan. Nígbà tí ọ̀gá náà gbọ́ pé ó wà níbi tí wọ́n ti ń lùlù, ó lé wọn dànù. (Ọ̀gá kan náà ìbá mọ ẹni tó ń lé!) Ní 1957 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, òun ló wá di Blue Spots. Nígbà tó fi máa di 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fún wọn ní oyè MBE. Wọ́n kú ní oṣù kejì ọdún 1996.

Àwọn ló sọ àkọ́díọ̀nù, dùùrù tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà tí wọ́n ń fà gùn tí wọ́n sì ń fún pọ̀, di ohun èlò tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ jùjú. Èyí tó sì dùn mọ́ wa jù ni pé wọn kò kọrin ní Yorùbá nìkan. Wọ́n kọ ọ́ ní Ẹ̀dó, Urhobo, Itsekiri, Ẹ́fíìkì àti Hausa. Wọ́n mọ̀ pé Yorùbá kì í gbé ilé nìkan, àti pé aládùúgbò wa náà ní etí. Ní ti ìyẹn, ọmọ tiwa yìí ju àwọn olórin Èkó lọ. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti fi Hausa kọrin, àwọn ará ìlú tí a jọ ń gbé á gbọ́ ọ ketekete.

Ibi tí Yorùbá wà gan-an ni wàhálà wà. Ohùn ló gbé èdè wa dúró. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Níbi ìgbéyàwó kan, ọmọ náà gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ, ló bá sọ ọkọ ìyàwó di ọkọ́ tí à ń ro oko. Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Dairo kì í ṣe irú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ni orin wọn ń bá a lọ, gángan á sì dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ tún orin bẹ́ẹ̀ kọ, ó lè pa àkọ́díọ̀nù tì kó lo kíbọ́ọ̀dù, ó lè mú ìlù yá tàbí kó fà á, àmọ́ bó bá ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́, ó ti ba orin jẹ́ nìyẹn. Nítorí náà ni a ṣe ní kó máa wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà lálaalẹ́ Sátidé, kí wọ́n máa bá a ka ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu kó tó kọ ọ́.

Orin Dairo ṣe é mú fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Àwo kékeré ni wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ láyé ìgbà náà, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú àwo kan, bàbá náà sì mọ bí a ti ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú rẹ̀. Orin Obey tàbí Sunny Ade ti ìgbà àwo ńlá, tó lè gba odindi ojú kan, àfi kéèyàn gé e.

Ó wá ku ti owó, kó má lọ di ẹjọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2023, sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin kò ní kú títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí onítọ̀hún kú. Ti Dairo di òpin ọdún 2066 nìyẹn. Ọmọ wa gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó jogún orin náà kó tó tà á, kó sì kọ orúkọ I.K. Dairo sára àwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ orin. Bó bá tún gé ohùn inú àwo àtijọ́ gan-an lẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni àwo náà lè béèrè tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tó pè é lólè nípàdé, ibí yìí ni kó ti ràn án lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ti fi akọ̀wé wa sí i láti bá a kọ lẹ́tà.

Ohun tí a ń wá báyìí ni àwo Blue Spots àtijọ́. Ó dá wa lójú pé wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn àwọn kan nínú yín, pàápàá ẹ̀yin ará Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá yín tajà ní Sábó. Ẹ gbé wọn wá sí ìpàdé, a óò gba orin inú wọn sílẹ̀ níṣojú yín, ẹ ó sì gbé àwo yín padà lọ sílé lọ́jọ́ náà.