Bí Pírińtà Bá Kọ Iṣẹ́ Lẹ́yìn Tí Kọ̀ǹpútà Ṣe Update

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan àwa tí à ń lo kọ̀ǹpútà àti pírińtà, ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì, nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kan owó mi, mo máa ń bèèrè títí yóò fi yé mi.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kọ̀ǹpútà ti ṣe update mọ́jú. Oníbàárà àkọ́kọ́ sanwó, pírińtà kò dáhùn. Mo pe ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi ní pírińtà ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Mo ti ń ka owó o! Ọmọ àbúrò mi ló wọlé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má tíì san nǹkan kan." Ó pa pírińtà náà, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń fa bébà mọ́lẹ̀, ó sì tún un tàn láìtíì yọwọ́. Bébà jáde, ìwé kún ara rẹ̀. Pírińtà tó bá lè dá tẹ nǹkan bẹ́ẹ̀ kò kú. Ọ̀pọ̀ pírińtà rìsíìtì ló ń ṣe é. Ẹ dán an wò, kí ẹ sì wo waya àti bébà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá ń ṣe é? Ẹ wò ó báyìí. Ẹ fẹ́ ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ Hausa tí kò gbọ́ Yorùbá, ògbufọ̀ ló wà láàárín yín. Bí ògbufọ̀ bá rìn lọ, owó wà, àlùbọ́sà wà, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe máa ná ọjà. Kọ̀ǹpútà náà ní ògbufọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí a so mọ́ ọn. Driver ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ o! Bí update bá wọlé, èdè kọ̀ǹpútà lè yí díẹ̀, kí ògbufọ̀ àtijọ́ má gbọ́ ọ mọ́, tàbí kí update fi òmíràn rọ́pò èyí tó mọ iṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kó lọ sí Windows 11. Pírińtà tó ti gbó lè má ní ògbufọ̀ tó gbọ́ ti tuntun.

Nígbà mìíràn, kì í dákẹ́, ìsọkúsọ ni yóò máa sọ. Update kan tó jáde ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2025 mú kí àwọn pírińtà kan tó ń lo waya USB máa tẹ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ fúnra wọn, tí bébà ń ṣòfò. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ń ṣe òun. Microsoft gbà pé update ló fà á, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kẹta.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá gbọ́, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún ara mouse tẹ Start, kí ẹ mú Device Manager. Orúkọ gbogbo ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Èyí tó bá ní àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò lára, òun ló ń ṣàìsàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Driver, ẹ tẹ Roll Back Driver, kí ògbufọ̀ àtijọ́ padà wá. Ìyẹn ló yanjú tèmi. Bí bọ́tìnnì yẹn kò bá ṣeé tẹ̀, kò sí ti àtijọ́ nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú Uninstall Device, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn, yóò wá ògbufọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i, ẹ lọ gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe pírińtà náà gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ má gbà á níbòmíràn o, olè ń fi driver bojú.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Windows 11 ní ọjọ́ 10 péré láti padà sẹ́yìn: Settings, System, Recovery, Go back. Ṣùgbọ́n ààbò Windows 10 kò rí bíi tàtijọ́ mọ́, èmi ò ní gbà yín níyànjú rẹ̀.

Bí Iléyá tàbí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ lọ sí Windows Update, ẹ tẹ Pause fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má baà já lù yín nígbà tí èrò pọ̀. Tí ọdún bá ti kọjá, ẹ jẹ́ kó wọlé, torí òun náà ló ń dí ihò tí olè ń gbà. Kó tó wọlé, ẹ kọ nọ́ńbà ìdí pírińtà sínú ìwé ọjà yín. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ká a, kó gbé e wá sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ ìpàdé, kó má sì gbàgbé waya rẹ̀ sílé.