Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Odidi Ọ̀rọ̀: Ọlọ́tísímù ní Àwùjọ Yorùbá

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ojú tí àwùjọ wa fi ń wo ọlọ́tísímù, àti ohun tí òun náà ń sọ nípa ara rẹ̀. Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ó ṣàkíyèsí ipò yìí lára wọn. Ọ́tísímù kì í ṣe wèrè. Ọ̀nà tí ọpọlọ ẹni ń gbà ṣiṣẹ́ láti kékeré ni.

Àwọn àgbà ka arọ, abuké àti àfín sí ẹni òrìṣà, nítorí pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ti àwọn wọ̀nyí hàn sójú. Ti ọlọ́tísímù kò hàn. Ní Mushin, Yaba àti Surulere, dìndìnrìn tàbí aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é.

Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkínní ni ojú. Àwọn oníṣègùn ka àìkìí wojú ẹni mọ́ àmì ọ́tísímù. Nílé Yorùbá, ọmọ tí ó ranjú mọ́ àgbà ni a ń bá wí. Nítorí náà, òbí lè má tètè fura. Èkejì ni ìkíni: bí ọmọ kò bá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ ni àdúgbò ń bú.

Ẹ̀kẹta ni ó jẹ mí lógún jù. A ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Bí a bá wí pé òjò ti ṣú, tí ọmọ kò kó aṣọ wọlé, a ó ní ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n odidi ọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́tísímù ń fẹ́: ‘Lọ kó aṣọ wọlé.’ Ṣé kì í ṣe ọmọlúwàbí ni? Òtítọ́ wà lára ìwà ọmọlúwàbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ẹ gbọ́ ti ẹnu wọn. Temple Grandin, ọlọ́tísímù tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1995 pé àwòrán ni òun fi ń ronú, àti pé ariwo a máa dun òun gidi. Ẹ wá ro ti ọmọ tí ó ń gba ọjà Ojúwòyè kọjá láàrin fèrè dánfó àti gbohùngbohùn. Ní ọdún 1993, Jim Sinclair, ọlọ́tísímù mìíràn, rọ àwọn òbí kí wọ́n má ṣe ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí ó wà láàyè.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2011 láti dáàbò bo àwọn abirùn. Òfin kò lè yí ẹnu àdúgbò padà. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ni láti kọ́ àwùjọ pé sísọ odidi ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó nílò rẹ̀ kò bu òwe kù, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni náà di òmùgọ̀.